Ọpẹ́ Tó Ṣíwájú Ìwòsàn

Onífọ́tò kan ní Àgọ́-Ìwòyè ló kọ́kọ́ rí i. Mo ti ṣe tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Igbó pẹ́ kí n tó pinnu pé èmi náà á gba dìgírì, mo sì forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ òpin ọ̀sẹ̀ ní yunifásítì. Wọ́n ní ká mú páásípọ́ọ̀tù wá. Ọmọkùnrin tó fẹ́ yà mí gbé kámẹ́rà sójú, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé súìtì yẹn mì ná." Mo ní kò sí súìtì lẹ́nu mi. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti mọ irọ́ tíṣà tẹ́lẹ̀. "Èyí tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún yẹn ńkọ́?" Mo la ẹnu fún un ní gbangba, bí àgbò tí wọ́n ń wo eyín rẹ̀ kí wọ́n tó ná an. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wò mí, mo wò ó, ó sì ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bó ṣe wà.

Nígbà tí mo délé, mo dúró síwájú jíńgì, mo fọwọ́ wá a. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, kókó kan ní ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́, lára eegun gan-an, ó le bí èkùrọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fi ìka gbá a, kò dùn mí. Àwọn àgbà ní ojú ẹni kì í rí ipàkọ́ ẹni. Tèmi ò tilẹ̀ rí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, títí dòní olónìí mi ò mọ̀ ọ́n. Àìdùn rẹ̀ yẹn ló tàn mí jẹ, òun náà ló tan gbogbo wa jẹ. Ohun tó bá ń dunni là ń sáré lé lórí. Èyí tó bá jókòó jẹ́ẹ́, a ó máa bá a gbé bí àlejò tó mọ ìwà hù.

Ní ilé ìwé wa, kò sẹ́ni tí kì í ṣe dókítà. Tíṣà tó ń kọ́ kíláàsì kẹta ní akòkoró ni, kí n máa fi omi iyọ̀ gbígbóná yọ ẹnu. Òmíràn ní ṣẹ́gede ni. Mo bi í pé ṣé àgbàlagbà bíi tèmi tún ń ṣe ṣẹ́gede ni, ó ní ẹni tí kò bá ṣe é ní kékeré á fi àgbà ṣe é. Ọkùnrin kẹ́mísì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi kó kápúsù fún mi, ó ní kí n lò ó tán. Mo lò ó tán, kókó ò mira. Mi ò lọ́kọ, bẹ́ẹ̀ ni mi ò wá a mọ́, nítorí náà kò sí ẹni tó máa pariwo mọ́ mi nílé pé kí n lọ sí ọsibítù. Ara mi ni mo fúnra mi pariwo mọ́.

Dókítà eyín tí mo kọ́kọ́ lọ bá fi irin kékeré kan gbá eyín mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí bí ẹni tó ń ra ìkòkò. Ó ní, "Eyín yín dára ju tèmi lọ, Màdáámù. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti eyín. Eegun yín ló ń hu nǹkan." Ó kọ̀wé fún mi sí ilé ìwòsàn ńlá kan tó jìnnà sí wa. Orí ọ̀kadà ni mo wà nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ ń hu nǹkan, mo mọ̀ pé igi ń hu nǹkan. Mi ò gbọ́ ọ rí pé eegun ènìyàn ń hu nǹkan. Mo pe màámi lórí fóònù lọ́jọ́ náà.

Màámi ń gbé ní Mákùn-Omi, níbi tí bàbá mi ti ṣe katikíìsì títí ó fi kú. Èmi nìkan ló kù fún un nínú àwọn ọmọ tó bí. Ẹja ló ń yan tà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni ọpẹ́. Mi ò tíì rí ẹni tó ń dúpẹ́ tó o. Bí òjò bá rọ̀, bí òjò bá dá, bí ọkọ̀ tó kó ẹja rẹ̀ bọ̀ láti Òde-Omi bá gúnlẹ̀ láìdojú dé, ó ti kúnlẹ̀ nìyẹn. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ní kí àwọn tó ní ọpẹ́ pàtàkì jáde, kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, màámi ti dé àárín ọ̀nà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó dúpẹ́ nígbà kan nítorí pé ó fẹsẹ̀ kọ tí kò ṣubú. Òótọ́ ni, mo wà níbẹ̀, mo sì jó tẹ̀ lé e.

Ohun kan ṣoṣo ni kì í fẹnu kàn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni jẹjẹrẹ ọmú pa, ọwọ́ màámi ló sì kú sí. Láti ìgbà náà, kì í pe àìsàn yẹn lórúkọ. "Nǹkan yẹn" ló máa ń pè é. Nígbà tí mo sọ fún un lórí fóònù pé eegun mi ń hu kókó, ó ní, "Sé nǹkan yẹn ni?" Mo ní mi ò mọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti dé Ìjẹ̀bú-Igbó pẹ̀lú agbọ̀n ẹja yíyan. Ó ní dókítà ni òun gbé e wá fún, ká má bàa lọ́wọ́ òfo lọ.

Ní ilé ìwòsàn ńlá náà, wọ́n ní kí n fi àgbọ̀n lé irin kan, kí n má mira, ẹ̀rọ sì yí orí mi po. Lẹ́yìn ìyẹn, dókítà gbé fọ́tò eegun mi sára gíláàsì tó ní iná. Obìnrin ni, ọjọ́ orí rẹ̀ ò tó tèmi, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì ní sùúrù. Ó fi ìka tọ́ka sí ibi kan tó rí roboto, tí etí rẹ̀ hàn yàtọ̀ sí eegun tó yí i ká. Ó ní bí etí rẹ̀ ṣe mọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn jẹ́ àmì rere, ṣùgbọ́n fọ́tò nìkan kò tó, àwọn ní láti gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ẹnu kú, wọ́n gé e. Wọ́n ní ká lọ dúró de èsì.

Ìdúró yẹn ni mi ò ní gbàgbé. Màámi kò padà sí Mákùn-Omi. Ó ń gbààwẹ̀, ó ń fọ aṣọ tí mo ti fọ̀, ó ń gbálẹ̀ tí mo ti gbá. Bí mo bá ń jẹun, ó ń wo ẹnu mi. Lọ́jọ́ kan mo ní kó jọ̀ọ́, kó yéé wò mí bẹ́ẹ̀, ó ní, "Ojú kí n fi wò ẹ́? Ojú kan náà tí mo fi bí ẹ ni." Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì wọ yàrá lọ sunkún. Ògiri ilé mi ò nípọn.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, a jókòó níwájú dókítà, agbọ̀n ẹja wà lórí itan màámi. Dókítà ní, "Ìyá, kì í ṣe jẹjẹrẹ." Ariwo tí màámi pa, àwọn nọ́ọ̀sì sáré wọlé, wọ́n rò pé ẹnì kan ti kú ni. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹja ti fọ́n ká ilẹ̀, ó ń ki Ọlọ́run. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹja. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó dúró, ó ní, "Ṣùgbọ́n." Màámi kò gbọ́ ṣùgbọ́n. Èmi tí mo wà lábẹ́ tábìlì gbọ́ ọ.

Dókítà pè é ní orúkọ kan tó gùn, ó wá sọ ọ́ ní Yorùbá tó yé mi. Ó ní kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn mọ̀ ọ́n dáadáa. Kò ní í tàn ká ara, kò sì ní í ṣe mí bí jẹjẹrẹ ṣe ń ṣe ènìyàn. Síbẹ̀ kò ní í lọ fúnra rẹ̀, kò sì ní í dúró sójú kan. Nísinsìnyí tó ṣì kéré, àwọn lè gba inú ẹnu wọlé, kí àwọn yọ ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn yọ kóró nínú àgbálùmọ̀, eegun tó kù á sì padà kún ibẹ̀. Bó bá dàgbà, eegun fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa gé. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn Àjíǹde, àyè ibùsùn á ti wà. Mo ní mo ti gbọ́. Màámi ń fi gèlè nu ojú, ó ń sọ fún nọ́ọ̀sì kan tí kò mọ̀ rí pé èmi nìkan lòun bí tó kù.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e la dúpẹ́ ní Mákùn-Omi. Màámi kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀, ó kàn ní kí n wá sílé. Nígbà tí mo dé, àwọn ènìyàn ti wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Òde-Omi àti Ẹ̀fìrẹ̀, ìyá ìjọ ni màámi, kò sí abúlé etí omi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Àlùfáà wa dúró lórí àga ìwàásù, ó ní Olúwa ti mú àìsàn kúrò lára ọmọ katikíìsì wa. Mo wo màámi. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. A jó jáde. Mi ò tíì rí màámi kí ó jó báyẹn, kì í ṣe níbi ìgbéyàwó, kì í ṣe níbi ìkórè. Gbogbo ìjọ ló ń na ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bí mo ṣe ń kọjá, kókó náà sì wà níbẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ wọn, ó le síbẹ̀. Ìyá arúgbó kan tiẹ̀ ní, "Ó ti ń sọ̀ o." Kò sọ̀ rárá.

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ibẹ̀ lè má mọ ohun tí a ṣe lọ́jọ́ náà. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ọpẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Òǹtẹ̀ ni. Bí o bá ti jó jáde lójú gbogbo ènìyàn, tí àlùfáà ti sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe, ọ̀ràn náà ti parí nìyẹn. A lè gbààwẹ̀ lórí àìsàn fún ọdún pípẹ́, a lè bẹ̀bẹ̀, a lè ké, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ni ilẹ̀kùn tí a fi ń tì í. Kò sẹ́ni tó ń dúpẹ́ pé òun gbọ́ èsì rere. Ìwòsàn là ń dúpẹ́ fún. Màámi sì gbé èsì sípò ìwòsàn, ó tilẹ̀kùn, ó sọ kọ́kọ́rọ́ sínú ọ̀sà.

Àjíǹde dé, ó kọjá. Mo pe màámi pé mo fẹ́ lọ gba ibùsùn. Ó ní, "Ibùsùn kí?" Mo ní dókítà ní kí n padà wá. Ó ní, "Dókítà sọ pé é è ṣe nǹkan yẹn. Sé wo gbọ́ bẹ́ẹ̀ àbí wé è gbọ́?" Mo ní mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì gbọ́ ìyókù. Ó wá sílé mi nítorí rẹ̀, ó jókòó sórí àga láìtú gèlè. Ó ní, "A ti dúpẹ́. Gbogbo Mákùn-Omi ló rí wa. Wo wá fẹ́ lọ dùbúlẹ̀ fún ọ̀bẹ, kí wọ́n lè sọ pé Ọlọ́run parọ́? Ẹni tó dúpẹ́ tán é è padà lọ tọrọ." Mo ní, "Màámi, ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ fọwọ́ kàn án." Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní àpá ni, àpá kì í yára lọ. Nígbà tí mo tún sọ̀rọ̀, ẹkún ló fi dá mi lóhùn, ó ní òun ti fi ọwọ́ òun sin àbúrò òun lẹ́yìn ọ̀bẹ dókítà, òun ò ní í fi sin èmi náà.

Mi ò lọ. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ń ba èmi náà, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n bó bá ṣe ẹ̀rù nìkan ni, ǹ bá borí rẹ̀. Ayọ̀ màámi ni mi ò lè borí. Bí mo bá wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù, ó dà bí ìgbà tí mo gba ijó yẹn kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ. Mo sì fẹ́ràn ijó yẹn. Bí mo bá rántí rẹ̀ nísinsìnyí, inú mi ṣì ń dùn díẹ̀, ìyẹn gan-an ló máa ń múnú bí mi.

Kókó náà kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó ń dàgbà jẹ́jẹ́, láìdùn, láìgbóná. Eyín mi méjì tí kì í yẹra fúnra wọn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹ̀yìn síra. Àgbọ̀n mi fì sápá kan. Mo ń bá ẹ̀kọ́ dìgírì mi lọ, mo jáde, mo wé gèlè wálẹ̀ sí ọ̀tún nínú gbogbo fọ́tò ìgboyè. Ní ọjà Ìjẹ̀bú-Igbó, àwọn tó ń wò mí á yára wo àlùbọ́sà. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Mákùn-Omi, àwọn tó ti fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kò kàn án mọ́, wọn ò sì béèrè. Kí ni wọ́n fẹ́ béèrè? Wọ́n ti jó sí i. Màámi ló ṣòro jù láti wò. Kì í wo apá ọ̀tún mi mọ́. Apá òsì ló máa ń jókòó sí, bó bá wá kí mi, á gbé àga lọ síbẹ̀.

Kíláàsì kìíní ni mò ń kọ́, n kò fẹ́ kíláàsì mìíràn láyé mi. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ tí kò tíì mọ nǹkan kan, tó jẹ́ pé ẹnu mi ni wọ́n ń wò láti mọ bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Nígbà tí kókó náà ti ètè ìsàlẹ̀ mi síta, ètè méjèèjì kì í fẹnu ko ara wọn dáadáa mọ́. Mi ò mọ̀ pé ó ti burú tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá ilé ìwé wa, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàbá, bàtà, bọ́ọ̀lù. Mo ń pè é, wọ́n ń pè é tẹ̀ lé mi. Ó pè mí síta. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró síbí ká jọ gbọ́ wọn." Ó ní kí àwọn ọmọ tún un pè. Gbogbo kíláàsì pariwo ní ohùn kan, wọ́n ti ètè ìsàlẹ̀ síta bí tèmi, bí tèmi gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe pè é. Wọn kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn ni. Inú wọn dùn, wọ́n ń wo ojú mi kí n yìn wọ́n.

Mo yìn wọ́n. Mo wọ ilé ìgbẹ́ àwọn tíṣà lọ, mo sunkún débi pé mo gbàgbé ìdí tí mo fi wọbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ náà ni mo lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, mi ò sọ fún màámi.

Dókítà náà ṣì wà níbẹ̀. Ó wò mí, ó jókòó. Wọ́n wá fọ́tò eegun mi àtijọ́, wọ́n ya tuntun, ó gbé méjèèjì sára gíláàsì. N kò nílò dókítà láti sọ fún mi. Ohun tó jẹ́ kókó lásán nígbà náà ti gba ìdajì ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́, eegun tó yẹ kó nípọn ti fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin. Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní, "A dúpẹ́ ni." Ó rò pé mo ń kí òun. Mo wá ṣàlàyé. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu ún, ó ní kì í ṣe àwa nìkan, òun ti ń gbìyànjú láti máa kọ́kọ́ sọ "ṣùgbọ́n" kí òun tó sọ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo kàánú rẹ̀. Èmi tí wọ́n fẹ́ gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni mo ń kàánú dókítà.

Mo wá pe màámi nígbà náà. Mo ṣe tán fún ẹkún, mo ṣe tán fún ìjà. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Mò ń bọ̀." Kò gbé ẹja wá lọ́tẹ̀ yìí.

Wọ́n gé eegun náà láti abẹ́ etí títí dé iwájú àgbọ̀n, wọ́n yọ eegun lára ìbàdí mi fi dí i, wọ́n fi irin mú un. Kókó náà jáde tán. Gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe dáadáa, n kò ní ẹjọ́ lọ́dọ̀ wọn. Fún ìgbà pípẹ́ nǹkan olómi ni mò ń gbé mì. Màámi ló ń po ògì, ó ń ṣe ìkọ́kọrẹ́ ṣíṣàn tí kò ní eegun ẹja kan nínú, ó ń fi ìka tẹ gbogbo rẹ̀ wò kí ó tó fún mi, bó ti ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Lọ́jọ́ kan tí ó ń fún mi lóúnjẹ, ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mi. Ó ti pẹ́ tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé apá ibẹ̀ títí dé ètè mi ti kú, ojú ni mo fi rí i.

Ojú mi ò burú púpọ̀ nísinsìnyí. Ẹni tí kò mọ̀ mí rí lè rò pé bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, àgbọ̀n mi kàn wọnú díẹ̀ lápá kan. Ètè mi ni kò jí. Bí mo bá ń mu omi, n kì í mọ̀gbà tó ń ṣàn sí àyà mi, àwọn lẹ́tà kan sì ṣì ń fẹ́ jáde láìgbàṣẹ. Wọ́n gbé mi lọ sí kíláàsì kẹfà, níbi tí àwọn ọmọ ti mọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀, tí wọn ò nílò ẹnu mi. Ọ̀gá ilé ìwé sọ ọ́ dáadáa, ó ní àgbà tíṣà ló yẹ kó mú wọn jáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń dùn mí. Bí mo bá gbọ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ń ké bàbá, bàtà, bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn ògiri, mo máa ń wá iṣẹ́ fún ara mi kí n má bàa gbọ́. Kóró àgbálùmọ̀ ló yẹ kí wọ́n yọ. Gbogbo igi ni wọ́n wá gé.

Nígbà tí mo lè rìn, tí mo lè jẹ ẹ̀bà, mo ní ká lọ dúpẹ́ wàyí. Èmi ni mo sọ ọ́. Ní Mákùn-Omi, mo sọ fún àlùfáà, ó sì kọ orúkọ wa sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ọpẹ́ pàtàkì, mo dìde, mo dúró de màámi. Ó jókòó. Mo fi ọwọ́ pè é, ó mi orí pé rárá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yíjú padà, ẹnu yà wọ́n, nítorí wọn ò rí i rí. Èmi nìkan ni mo jáde, àwọn akọrin sì kọ orin kékeré kan fún mi.

Ní ilé, mo bínú. Mo ní ṣé ó fẹ́ dójú tì mí ni, ṣé Ọlọ́run tó dá mi sí kò tó í dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ó ń ṣa ẹja lórí ààrò tó fi ń yan án, kò gbójú sókè. Ó ní, "Dókítà sọ pé ó lè padà hù. Ó ní kí wo máa wá lọ́dọọdún." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Bí mo bá dúpẹ́, wé è ní lọ mọ́."

Mo ní màá máa lọ, Màámi, mo búra. Ó ní mo jẹ́ ọmọ rere, ọmọ rere ni kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ jó lásán. Ó ní òun ti rí ohun tí ijó òun ṣe fún mi. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Ó yí ẹja kan padà, ó tún yí òmíràn.

Láti ìgbà náà, kò dúpẹ́ mọ́, kì í ṣe lórí mi nìkan. Òjò rọ̀, kò kúnlẹ̀. Ọkọ̀ gúnlẹ̀, ó kàn san owó tó yẹ. Ó ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣì ń gbàdúrà, àní ó ń gbàdúrà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọpẹ́ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Lọ́dọọdún, bí àkókò àyẹ̀wò mi bá ti ń sún mọ́, á pè mí, á ní, "Sé wo ti lọ?" Màá ní mo ti lọ, wọ́n ní ó mọ́. Á ní, "Ó dáa. Wo tún máa lọ lọ́dún tó ń bọ̀." Èmi tó yẹ kí n máa sunkún ètè mi, ọpẹ́ màámi ni mo ń sunkún. Eegun, wọ́n fi òmíràn dí i. Ohun tó kúrò lára màámi kò sí ibi tí wọ́n lè gé òmíràn fi dí i.

Ó kú lọ́dún tó kọjá, nínú oorun, láìṣàìsàn. A sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ìsìnkú, àlùfáà ní kí ìdílé jáde wá dúpẹ́, bí a ṣe máa ń ṣe fún àgbà tó lọ ní ìrọ̀rùn. Ìdílé náà kò ju èmi lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ dìde tẹ̀ lé mi, àwọn ará Òde-Omi, àwọn ará Ẹ̀fìrẹ̀, wọ́n fi ìlù sí i, ṣọ́ọ̀ṣì mì. Ikú rẹ̀ la ń jó fún báyẹn. Wíwà láàyè mi ni màámi kò lè jó fún. Nígbà tí mo dé iwájú pẹpẹ, àlùfáà tẹ orí ba létí mi, ó ní kí n fi ẹnu ara mi dúpẹ́ fún ohun gbogbo tí Olúwa ṣe fún mi nípasẹ̀ màámi. Mo la ẹnu. Àyẹ̀wò mi kù sí oṣù tó ń bọ̀. Mo pa ẹnu mọ́, mo padà síbi ìjókòó mi.